Bí ewé, iyanrìn àti òkúta ṣe lè ran ọmọdé lọ́wọ́ láti mọ̀wé kà

Ọ̀pọ̀ òbí ló ti gbọ́ pé ó dára kí ọmọ kékeré máa ti ara ewé, òkúta àti iyanrìn kọ́ ìwé kíkà. Ohun tí a kì í sábà ṣàlàyé fún wọn ni bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, àwọn kan gbà pé bí àwọn bá ti fi igi wẹ́wẹ́ to A, tí àwọn fi òkúta to B, ó ti parí. Àwọn mìíràn gbà pé kí ọmọ ṣáà ti máa ṣeré níta, ìwé kíkà yóò wá fúnra rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ sísọ ṣe wá. Èrò méjèèjì ló ní ibi tó kù sí. Kò sí igi tó ń sọ fún ọmọ pé ìró báyìí ni lẹ́tà báyìí dúró fún. Ohun tí ìta ń fún ọmọ ni nǹkan tí yóò máa sọ̀rọ̀ lé lórí, ìró tí yóò máa tẹ́tí sí, àti ilẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ti máa kọ nǹkan. Àgbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ìwé kíkà.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ìdàrúdàpọ̀ náà ti ń wá. Ọmọ tí etí rẹ̀ ń gbọ́, tí àwọn èèyàn sì ń bá sọ̀rọ̀, yóò sọ̀rọ̀; ẹnikẹ́ni kò ní láti gbé e jókòó kó máa kọ́ ọ. Ìwé kíkà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé tó pẹ́ jù lọ tí a tíì rí, èyí tí àwọn ará Sumer, ìlú àtijọ́ kan ní agbègbè tí a ń pè ní Iraq lónìí, kọ sára amọ̀, kò tíì pé 6,000 ọdún, bẹ́ẹ̀ ọmọ ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fa ìlà kankan sára amọ̀. Ọpọlọ kò ní ibì kan tí a dá sílẹ̀ de lẹ́tà. Ibi tó fi ń dá ojú èèyàn, ẹranko àti igi mọ̀ ló ń yọ̀ǹda apá kan rẹ̀ fún lẹ́tà, ìyẹn sì gba pé kí ẹnìkan kọ́ ọmọ.

Ní 1986, Philip Gough àti William Tunmer, àwọn olùwádìí nípa ìwé kíkà, gbé àlàyé kan kalẹ̀ tí àwọn olùkọ́ ṣì ń lò dòní. Wọ́n ní iṣẹ́ méjì ló wà nínú ìwé kíkà: kí ọmọ lè yí lẹ́tà padà di ọ̀rọ̀, kí èdè tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú rẹ̀ sì yé e. Wọn kò ní ká ro méjèèjì pọ̀, wọ́n ní ká fi ọ̀kan lọ́po èkejì. Bí ọ̀kan bá jẹ́ òdo, ohun tó máa jáde yóò jẹ́ òdo, bó ti wù kí èkejì pọ̀ tó. Ọmọ tó lè pe gbogbo ọ̀rọ̀ inú ojú ìwé kan láìmọ ìtumọ̀ ìkankan kò tíì kàwé. Ọmọ tó gbọ́ èdè dáadáa ṣùgbọ́n tí kò mọ lẹ́tà kò tíì kàwé. Ìta wúlò fún iṣẹ́ méjèèjì, àmọ́ ọ̀nà tó gbà wúlò fún ìkíní yàtọ̀ sí ti èkejì. Àìmọ ìyàtọ̀ yìí ló ń mú kí òbí máa ṣe wàhálà púpọ̀ níbi tí kò ti pọn dandan.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ló ṣáájú

Ẹ mú ewé méjì wá láti ara igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ bi ọmọ pé kí ló yàtọ̀ lára wọn. Ìdáhùn àkọ́kọ́ kì í ju "eléyìí tóbi" lọ. Ẹ má kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yìn ewé ńkọ́? Ọ̀kan ń dán, èkejì rí hágahàga lọ́wọ́. Etí ọ̀kan lọ geere, eyín wẹ́wẹ́ ló yí etí èkejì ká. Ọ̀kan gbọọrọ, orí rẹ̀ rí ṣóńṣó. Èkejì rí roboto. Ọ̀kan nípọn, èkejì fẹ́lẹ́ débi pé tí a bá gbé e sókè, ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, iṣan tó là á láàárín sì hàn kedere pẹ̀lú àwọn ẹ̀ka rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọmọ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ bíi mẹ́wàá tí kì í gbọ́ nígbà tí a bá ń sọ fún un pé kó wọ bàtà, kó wá jẹun, kó lọ sùn.

Èdè Yorùbá ní irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lọ́pọ̀ yanturu: rìbìtì, pẹlẹbẹ, tẹ́ẹ́rẹ́, múlọ́múlọ́, wúruwùru. Ó máa ń dùn mí bí àgbà tó gbọ́ gbogbo rẹ̀ bá ń pe ohun gbogbo ní "nǹkan yìí" fún ọmọ. Ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan rí kò lè mọ̀ bóyá òun kà á bó ṣe yẹ. Nígbà tí ọmọ bá ń já "múlọ́múlọ́" ní ìró kọ̀ọ̀kan, tó sì dé òpin rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ti gbọ́ rí ni yóò dáhùn nínú orí rẹ̀. Èyí tún ṣe pàtàkì nínú èdè wa ju ti àwọn mìíràn lọ, nítorí púpọ̀ nínú ohun tí a ń tẹ̀ jáde ni kò ní àmì ohùn. Ọmọ tó bá rí "odo" láìsí àmì ní láti mọ̀ fúnra rẹ̀ bóyá odò, odó tàbí òdo ni. Etí tó ti gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa yan èyí tó bá gbólóhùn mu.

Ìbéèrè tí ẹ bá ń bi í kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" lè parí. "Ṣé èèrà nìyí?" kò mú nǹkan wá. "Kí ni ẹ rò pé àwọn èèrà yìí ń sá fún?" tí a bi àwọn ọmọ méjì mẹ́ta tó jókòó pọ̀ yóò mú gbólóhùn gígùn jáde, pẹ̀lú "nítorí pé" àti "bí ó bá" nínú rẹ̀. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò bá pàdé nínú ìwé.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ràn gidigidi tí àwọn èèyàn kì í sábà kà kún ẹ̀kọ́ ìwé: ipasẹ̀. Lẹ́yìn òjò, ẹsẹ̀ ẹyẹ máa ń hàn lórí ilẹ̀ rírọ̀, ìgbín a sì máa fa ìlà tó ń dán sílẹ̀ níbi tó gbà. Ta ló kọjá? Ibo ló kọrí sí? Ṣé ó dúró níbì kan? Ọmọ tó bá dáhùn ti lóye ohun tó wà nídìí ìwé kíkọ, ìyẹn ni pé àmì lè dúró fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ mọ́, àti pé ẹni tó bá fara balẹ̀ wò ó lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Etí

Isabelle Liberman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan ní 1974. Wọ́n ní kí àwọn ọmọdé máa fi igi kékeré lu tábìlì fún ègé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní ọmọ ọdún mẹ́rin, nǹkan bí ìdajì wọn lè pín ọ̀rọ̀ sí sílébù, ṣùgbọ́n kò sí ìkankan tó lè pín in sí ìró kọ̀ọ̀kan. Ní ọmọ ọdún mẹ́fà, nǹkan bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún ló lè pín in sí ìró. Ohun tí èyí ń sọ fún wa ni pé sílébù ló yẹ kó ṣáájú, ìró kọ̀ọ̀kan á sì tẹ̀lé e.

Sílébù rọrùn níta. Ohun tí ọmọ bá ṣà jọ, kó pàtẹ́wọ́ sí orúkọ rẹ̀: e-wé, méjì, ò-kú-ta, mẹ́ta, la-ba-lá-bá, mẹ́rin. Tó bá ti mọ́ ọn lára, kó fi òkúta wẹ́wẹ́ kan lélẹ̀ fún sílébù kọ̀ọ̀kan, láti ọwọ́ òsì lọ sí ọ̀tún. Ọ̀nà tí ìwé ń gbà nìyẹn.

Ohùn náà ni èyí tí mo rò pé a ń fi ṣòfò jù. Ẹ tẹ́ ewé kan, òkúta kan, òdòdó kan àti igi wẹ́wẹ́ kan sílẹ̀. Ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ fi imú kùn ohùn ọ̀kan nínú wọn: re mí. Èwo ni? Ewé ni. Dò mí re? Òkúta ni. Dò dò mí? Òdòdó. Re re? Igi. Ọmọ ọdún mẹ́rin lè ṣe eré yìí fún ìgbà pípẹ́, kó sì sọ pé òun náà fẹ́ kùn tirẹ̀. Nígbà tí àmì ohùn bá wá dé sórí lẹ́tà lọ́jọ́ iwájú, ohun tí etí rẹ̀ ti mọ̀ ni àmì náà yóò máa sọ.

Ìró kọ̀ọ̀kan ló le. Eré tó wọ́pọ̀ nínú àwọn ìwé ìtọ́ni tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá ni "wá ohun tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú b." Ẹ gbìyànjú rẹ̀ ní Yorùbá, ẹ ó rí i pé kò lọ jìnnà, torí pé fáwẹ̀lì ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ jù lọ nínú orúkọ nǹkan wa: igi, ewé, òkúta, ẹyẹ, ìgbín, afẹ́fẹ́. Ọ̀rọ̀ ìṣe ló bá iṣẹ́ yìí mu. Labalábá ń fò. Ewé já. Igi ṣẹ́. Ilẹ̀ rọ̀. Koríko gbẹ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ kọ́ńsónáǹtì kan àti fáwẹ̀lì kan ṣoṣo, ọmọ sì lè fojú ara rẹ̀ rí ohun tó ń sọ bó ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ pe "fò," kí ẹ wá fa ìró àkọ́kọ́ rẹ̀ gùn: fffff-ò. Kí tún ni a lè ṣe tó ń bẹ̀rẹ̀ báyìí? A lè fà á, a lè fọ̀ ọ́, a lè fẹ́ ẹ.

Ẹ kíyè sí i pé orúkọ lẹ́tà kọ́ ni ìró rẹ̀. Ọmọ tó ti kọ́ "bí, dí, fí" lórin yóò máa pe "fò" ní "fí-ò," yóò sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu pé kò yọrí sí ọ̀rọ̀ kankan. Orin ábídí dára fún títo lẹ́tà lẹ́sẹẹsẹ. Nígbà tí a bá ń kàwé, ìró ni kí ẹ máa pè, ní ṣókí, láìfi "í" kún un.

Àwọn kan máa ń ní kí ọmọ di ojú, kó sọ gbogbo ohun tó gbọ́: afẹ́fẹ́, ẹyẹ, omi tó ń kán. Ó dára fún títẹ́tí sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tó yẹ kí a dúró sí. Ìró ọ̀rọ̀ ẹnu la ń kà nínú ìwé. Ìròyìn National Reading Panel, ìgbìmọ̀ tó yẹ àwọn ìwádìí nípa ìwé kíkà wò, tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2000, sọ pé ẹ̀kọ́ ìró máa ń so èso jù nígbà tí a bá so lẹ́tà mọ́ ọn. Nítorí náà, bí ọmọ bá ti lè ya f sọ́tọ̀ kúrò lára ò, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí ẹ tó kọ "fò" sórí iyanrìn fún un.

Ọwọ́ àti ojú

Ní 1907, Maria Montessori ṣí ilé ẹ̀kọ́ kan fún àwọn ọmọdé ní Róòmù. Ó gé lẹ́tà láti ara bébà tó ní yanrìn lójú, ọmọ á máa fi ìka tọ̀ ọ́ bó ti ń pe ìró rẹ̀. Iyanrìn tútù lásán lè ṣe irú iṣẹ́ náà, ó sì tún fi nǹkan kan lé e: ọmọ lè fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà, kó pa á rẹ́, kó tún un kọ, láìsí bébà tó ya àti láìsí àṣìṣe tó ń wò ó lójú. Karin James àti Laura Engelhardt tẹ ìwádìí kan jáde ní 2012 nípa àwọn ọmọ bí ọdún márùn-ún tí wọn kò tíì mọ̀wé kà. Àwọn ọmọ náà fi ọwọ́ ara wọn kọ lẹ́tà kan, wọ́n tọ ìlà lẹ́tà mìíràn tí a ti fà sílẹ̀, wọ́n sì tẹ òmíràn lórí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí wọ́n wo ọpọlọ wọn nínú ẹ̀rọ, lẹ́tà tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ló jí àwọn ibi tí a fi ń kàwé. Èyí ló mú mi gbà pé kí a má fi ọmọ sídìí títọ ìlà pẹ́. Ẹ fà á hàn án, ẹ pa á rẹ́, kí ó wá kọ tirẹ̀, bó bá tilẹ̀ wọ́.

Iyanrìn tún dára fún àwọn lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ O ńlá kan. Kó pè é: o. Ẹ fún un ní hóró kan tàbí òkúta tín-ín-rín kan, kó fi sí abẹ́ rẹ̀. Ó ti di ọ. Kó mú un kúrò: o. Kó dá a padà: ọ. Ohun kékeré tí ojú ń fò lórí ìwé ti di ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé, ẹnu rẹ̀ sì yí padà bó ti gbé e. Bákan náà ni E àti Ẹ, S àti Ṣ.

Ohun tó ń kó ìdààmú bá àwọn òbí jù ni lẹ́tà tí ọmọ kọ sódì. Stanislas Dehaene, onímọ̀ nípa ọpọlọ ní ilẹ̀ Faransé, ti ṣàlàyé ìdí rẹ̀ dáadáa. Ewé tó kọjú sósì ṣì jẹ́ ewé náà nígbà tí a bá yí i kọjú sọ́tùn-ún. Ẹyẹ tó ń lọ ni ẹyẹ tó ń bọ̀. Láti ìgbà tí ọmọ ti dáyé ni ohun gbogbo tó ń rí ti ń kọ́ ojú rẹ̀ pé yíyí kì í sọ nǹkan di nǹkan mìíràn. Ọjọ́ tí lẹ́tà dé ni òfin yìí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan àti òkúta roboto kan ti tó láti fi hàn án. Ẹ gbé igi dúró, kí ẹ fi òkúta sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́tùn-ún: b. Ẹ sún òkúta náà sósì: d. Ẹ dá a padà sọ́tùn-ún, kí ẹ gbé e lọ sókè: p. Ohun méjì kan náà, ìró mẹ́ta. Ọmọ ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà tó ń pa b àti d pọ̀ ń lo ohun tí ayé ti kọ́ ọ ni. Kò túmọ̀ sí pé ọpọlọ rẹ̀ kò jí pépé. Ẹ máa tún un ṣe pẹ̀lú sùúrù.

Nítorí èyí kan náà, ẹ má ṣe jókòó kọjú sí ọmọ nígbà tí ẹ bá ń kọ lẹ́tà sílẹ̀. Ohun tó dára lójú yín, òdì ni lójú tirẹ̀. Ẹ jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, kí ẹ sì fa ìlà gbọọrọ kan síwájú rẹ̀ tí yóò jẹ́ ìsàlẹ̀, kí lẹ́tà gbogbo máa dúró lé e.

Ní ti wíwá lẹ́tà lára igi, bóyá ẹ̀ka tó jọ Y tàbí ìtàkùn tó ká bí S, òun ni àwọn èèyàn ń ya fọ́tò rẹ̀ jù, òun ni mo sì kà sí ìkẹyìn. Ó dùn mọ́ ọmọ, kò sì ṣòro. Mark Changizi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2006 pé ìrísí tí lẹ́tà oríṣiríṣi èdè ní jọ ọ̀nà tí etí àwọn nǹkan ń gbà pàdé ara wọn nínú ohun tí a ń rí láyìíká. Àmọ́ ìrísí tí kò ní ìró lára kò tíì jẹ́ lẹ́tà. Bí ọmọ bá gbé Y wá, kó pe ìró rẹ̀, kó sì wá ọ̀rọ̀ kan tí ìró náà wà nínú rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, igi ló ń ṣà.

Ọmọ ń sọ, àgbà ń kọ

Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ ní kí ọmọ sọ ohun tó rí. Ẹ kọ ọ́ gadagba, bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Bó bá ní, "Èèrà gbé ewé. Ewé náà tóbi jù ú lọ. Ó já bọ́," ohun tí ẹ óò kọ nìyẹn. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ tó gún régé ju tirẹ̀ lọ rọ́pò rẹ̀, nítorí agbára ẹ̀kọ́ yìí wà nínú pé ọmọ ti mọ ohun tí ìwé náà ń sọ kó tó wò ó. Ẹ fi ìka tọ abẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹ ti ń kà á pọ̀. Ẹ bi í pé ibo ni "ewé" wà. Yóò rí i lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì rí i pé bákan náà ni wọ́n ṣe rí. Yóò rí àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀. Yóò rí i pé a ti ọwọ́ òsì bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó lè kà á láti orí. Ẹ má bá a wí, ẹ kàn ní kí ìka rẹ̀ máa bá ẹnu rẹ̀ lọ.

Ibi tí ìta kò lè dé

Ìta kò lè rọ́pò ìwé. A ní lẹ́tà 25 nínú ábídí Yorùbá, ìró tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró fún sì ní láti di ohun tí a kọ́ ọmọ létòlétò. Bí ẹ bá jáde láàárọ̀, ẹ ka ìwé fún un nírọ̀lẹ́, pàápàá ìwé tó sọ nípa ohun tó rí.

Àwọn kan tún ń sọ pé ìta ń mú kí ọmọ lè fọkàn sí nǹkan. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Andrea Faber Taylor àti Frances Kuo rí i ní 2009 pé àwọn ọmọ 17 tí wọ́n ní ìṣòro àìlèfọkànsí-nǹkan, láti ọdún 7 sí 12, ṣe dáadáa jù nínú ìdánwò ìfọkànsí lẹ́yìn tí wọ́n rìn fún 20 ìṣẹ́jú nínú ọgbà ìtura ju ìgbà tí wọ́n rìn láàárín ìlú lọ. Ìwé kíkà kọ́ ni wọ́n wọ̀n, àwọn ọmọ náà kò sì pọ̀. Ẹ mú un bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí kò ní ọgbà kò pàdánù. Èèrà lára ògiri, ìkúukùu lójú fèrèsé, koríko tó hù nínú agolo àti abọ́ iyanrìn kan ti tó. Ẹ má fi hóró tàbí òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, nítorí ó lè há a lọ́nà ọ̀fun. Ewéko tí ẹ kò mọ̀, ẹ má jẹ́ kó já a, kó má sì fi sẹ́nu.

Bí ọmọ bá ti lé ní ọdún mẹ́fà, tí ẹ sì ti ń kọ́ ọ déédéé, ṣùgbọ́n tí kò lè sọ pé "fò" àti "fà" bẹ̀rẹ̀ bákan náà, tàbí tí lẹ́tà kò dúró lórí rẹ̀ rárá, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, kí wọ́n sì yẹ ojú rẹ̀ wò, kí ẹnikẹ́ni tó pè é ní ọ̀lẹ. Bí etí àti ojú bá dára, ó lè jẹ́ dyslexia, ìyẹn ìṣòro tó ń mú kí ìwé kíkà nira fún ọmọ. Ọmọ tó ní i ṣì lè mọ̀wé kà. Ohun tó nílò ni ẹ̀kọ́ ìró àti lẹ́tà tí a là sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, tí a ń tún ṣe díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀.